Adìyẹ Pupa Láti Dogarawa

Ọjọ́ tí Hàwáù gbé adìyẹ pupa náà wá, bàǹdéèjì ṣì wà lójú Mùínàt. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún rẹ̀ ni. Tòsì ti ṣókùnkùn láti bí ọdún mẹ́ta, débi pé ẹnu ló fi ń mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà. Dókítà ojú ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín, eruku kò gbọdọ̀ kàn án, awò tí yóò sì fi máa rí ohun tó wà nítòsí kò ní dé títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wá jókòó sórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Danmagaji, ó gbé orí sókè bí ẹni tí ń retí òjò, nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìkejì mi, ṣé ara ti ń le?"

"Ìkejì mi, máa wọlé. Ara ń le, àlàmdúlílà. Ojú ló kù."

Ìkejì ni wọ́n ń pe ara wọn, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọdún kan náà ni wọ́n gbé àwọn méjèèjì níyàwó wá sí Sabon Gari ní Zaria, Mùínàt láti Ìlọrin, Hàwáù láti Ọ̀yọ́, kò sì sí èyí tó gbọ́ Hausa ju "sannu" lọ nínú wọn. Wọ́n jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, wọ́n jọ bímọ, wọ́n jọ ń lọ sí àsáláàtù. Nígbà tí Hàwáù kó lọ sí Dogarawa, tí Mùínàt kó wá sí Danmagaji, ọ̀rẹ́ wọn kò tú. Bí ọbẹ̀ bá dùn nílé ẹnì kan, kẹ̀kẹ́ yóò gbé abọ́ kékeré dé ilé ẹnì kejì. Láwàl, ọkọ Mùínàt, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, máa ń sọ pé bí àwọn méjèèjì kò bá kú lọ́jọ́ kan náà, wọn yóò bi èyí tó bá kẹ́yìn léèrè lọ́run pé kí ló dá a dúró.

Hàwáù gbé agbọ̀n kan sílẹ̀. Adìyẹ ké nínú rẹ̀.

"Mo mú adìyẹ wá kí ọ. Adìyẹ ìbílẹ̀ ni o, kì í ṣe ti àwọn olóko ńlá. Inú ilé mi ni wọ́n ti pa ẹyin rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń yé, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni."

Mùínàt na ọwọ́, ó fi pa adìyẹ náà lẹ́yìn. Ìyẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì kún. Ó béèrè àwọ̀ rẹ̀, Hàwáù ní pupa ni. Inú Mùínàt dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ní kò gbọdọ̀ sunkún.

Ìyá Mùínàt, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ní òfin kan nípa adìyẹ ẹ̀bùn. Adìyẹ tí ènìyàn bá fi kí ọ, o kò gbọdọ̀ pa á, o kò gbọdọ̀ tà á, o kò sì gbọdọ̀ dá a padà, títí yóò fi sàba lẹ́ẹ̀kan, tí yóò kó ọmọ jáde nínú ilé rẹ. Ó ní ẹni tó bá ki ẹ̀bùn bọ ìkòkò lójú ẹsẹ̀, inú rere ẹni tó fún un ló sè jẹ. Kì í ṣe òfin gbogbo Ìlọrin o. Òfin ilé ìyá náà ni. Ṣùgbọ́n Mùínàt gbé e dé Zaria, ó sì ń pa á mọ́. Hàwáù mọ òfin náà bí ẹni mowó, torí ó ti fi ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́ láìmọye ìgbà.

Ohun kejì tí ìyá náà fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìyẹ́ lára. Lọ́jọ́ tí Mùínàt ń wọkọ̀ bọ̀ wá sílé ọkọ, ìyá náà ti agbọ̀n kan sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Àgbébọ̀ funfun kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ kò ní ìyẹ́, tí à ń pè ní abọ́lọ́rùn. Gbogbo abọ́lọ́rùn funfun tó ti jẹ̀ ní àgbàlá Mùínàt láti ọjọ́ náà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ adìyẹ yẹn ni. Ìyá ti kú. Aṣọ rẹ̀ tí wọ́n pín kan Mùínàt ti gbó, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ti ṣá. Adìyẹ náà ló kù tó ṣì ń ké láàárọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àrùn wọ ilé adìyẹ, ó gbá wọn lọ, ó ku abọ́lọ́rùn mẹ́ta péré. Mùínàt bá gbé méjì lọ fún Hàwáù ní Dogarawa pé kó bá òun tọ́jú wọn, torí bí àrùn bá tún dé ilé kan, bóyá kò ní dé èkejì. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ni mo gbé fún ọ yìí," ló wí lọ́jọ́ náà.

Hàwáù ní kó fọkàn balẹ̀. Ó sì fọkàn balẹ̀.

Bí adìyẹ pupa ṣe wọ agbo Mùínàt nìyẹn. Adìyẹ mẹ́jọ ló bá níbẹ̀, àti àkùkọ kan tí kò mọ̀ ju ariwo lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Láwàl fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, tòun ti abọ́ dúsà, èérí ọkà tí adìyẹ ń jẹ, lọ́wọ́. Òun ló ń bá ìyàwó rẹ̀ bọ́ wọn láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe ní ọjà Sabon Gari, ó sì gbà pé ohun tí kò bá ti ní nọ́ọ̀tì, kò sí bí èèyàn ṣe lè tún un ṣe.

"Ìyá Hafeezat, wọ́n ń tu ìyẹ́ arúpẹ́ yẹn o."

Arúpẹ́ ni adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Bí wọ́n bá da oúnjẹ sílẹ̀, òun ló máa ń jẹun kẹ́yìn.

"Ta ló ń tu ú?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ó ti bó, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀."

Mùínàt ti sin adìyẹ fún ọgbọ̀n ọdún, ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara wọn wò pẹ́nrẹ́n, bí ọmọdé tó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ṣúgà sí ni wọ́n á rí. Ó ní kí Láwàl fi oògùn aláwọ̀ àlùkò kun ojú ọgbẹ́ náà. Ó ní kó so kábéèjì kan àti ìdì ewé zogale kan rọ̀ sókè nínú ilé adìyẹ, kí wọ́n máa fò ṣá a, kí ẹnu wọn lè ríṣẹ́ ṣe. Ó ní kó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn látàárọ̀ kí wọ́n lè ráàyè. Láwàl ṣe gbogbo rẹ̀, ó ń kùn. Ó rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀yìn arúpẹ́ tún pọ́n.

Ni Mùínàt bá ránṣẹ́ pe Dókítà Adédìran, ọmọ Yorùbá kan tí ilé rẹ̀ kò ju ilé méjì sí tiwọn, tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹran ní yunifásítì ní Samaru. Ọkùnrin náà wá tòun ti ẹ̀rín. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó wo arúpẹ́, ó padà wá jókòó sórí àpótí níwájú Mùínàt.

"Mà, adìyẹ ní àgbà láàrin ara wọn. Èyí tó bá jẹ́ olórí á máa kan àwọn yòókù lórí tí wọ́n bá yájú nídìí oúnjẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀, ẹ yọ òun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má yọ èyí tí wọ́n ń jẹ níyà o, torí tó bá padà, àlejò ló máa jẹ́ láàrin wọn, wọ́n á tún dìde sí i. Ta ni olórí wọn?"

"Abọ́lọ́rùn mi ni. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé."

"Ṣé tuntun kankan wọlé láìpẹ́?"

"Ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ló fi kí mi, inú ilé rẹ̀ ló ti dàgbà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n wo òun náà, mà."

"Dókítà, má yọ ara rẹ lẹ́nu. Ẹni tó fún mi ní adìyẹ yẹn, tó bá ní kí n dijú kí n máa tẹ̀ lé òun, màá dijú."

"Ojú yín kúkú ti wà ní dídì, mà," ni ọkùnrin náà wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ, kò sì wo adìyẹ pupa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàǹdéèjì ti kúrò. Mùínàt ń rí òkèèrè dáadáa, ó ń rí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn títì, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nítòsí ṣì dà bí ohun tó wà nínú èéfín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe kírun àsùbáà tán, ó gbọ́ rògbòdìyàn lẹ́yìnkùlé. Ó wé ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó lọ ṣílẹ̀kùn ilé adìyẹ fúnra rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ.

Arúpẹ́ wà ní kọ̀rọ̀, ó ki orí bọ ara ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ti lu. Abọ́lọ́rùn dúró lé e lórí, ó na ìyẹ́ méjèèjì gbalaja, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́nu rẹ̀ àti láyà rẹ̀. Lára adìyẹ funfun, kò sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè fara pamọ́, àní fún olójú àbọ̀. Àwọn yòókù ti sún sẹ́yìn. Pupa wà lórí igi ní tirẹ̀, ó ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Ta ló máa rí ẹ̀jẹ̀ lára adìyẹ pupa?

"Àṣé ìwọ ni," ni Mùínàt wí fún abọ́lọ́rùn.

Ká tó da omi sí arúpẹ́ lẹ́nu, ó ti kú. Inú bí Mùínàt gidigidi. Ká ní adìyẹ mìíràn ni, kì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ìyá rẹ̀ ni, àgbà inú agbo, èyí tó yẹ kó máa dáàbò bo kékeré, ló ń jẹ kékeré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Ojú tì í bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jalè lọ́jà.

Láwàl ní, "Dókítà ní kí o yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni. Kò ní kí o pa á."

"Dókítà ò mọ ohun tó dùn mí, Alhájì."

Síbẹ̀ kò lè pa á bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí Láwàl bá òun pe Hàwáù lórí fóònù. Ó rò fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó ní arúpẹ́ ti kú, ó ní abọ́lọ́rùn ló ń ṣe é.

Hàwáù kò sọ nǹkan kan.

"Ìkejì mi, ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Àwọn méjì mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ ńkọ́? Torí bí mo bá pa èyí, àwọn nìkan ló kù mí kù láyé."

"Wọ́n wà," ni Hàwáù wí. "Wọ́n wà. Wọ́n ti ń sàba." Ó tún fi kún un. "Pa á. Adìyẹ tó bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ kì í jáwọ́."

Ọkàn Mùínàt balẹ̀. Ó ní kí Láwàl mú ọ̀bẹ.

Láwàl ló tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá fọwọ́ kan abẹ́ apá adìyẹ náà, pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀, méjì, wọ́n sì jìn. Mùínàt ní àwọn tó ń jẹ níyà ni wọ́n gbẹ̀san. Láwàl ní, "To, ó dáa," ó sì ń tu ìyẹ́ rẹ̀ lọ. Mùínàt se ẹran náà pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà púpọ̀, ó bu èyí tó dára jù sínú abọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí Dogarawa, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọgbọ̀n ọdún.

Hàwáù gbà á ní pálọ̀. Ó jẹ itan kan níwájú rẹ̀, ó ní ó dùn, ó tún fi omi sí i lẹ́yìn. Mùínàt ní kí àwọn lọ wo àwọn funfun tó ń sàba. Hàwáù yára dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó jàre. Eruku pọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń gbálẹ̀. Ṣé o fẹ́ ba ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún ọ jẹ́ ni?"

Mùínàt jókòó. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá òun ro ti ojú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìyẹ ti mọ ohun tó kù. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀yìn adìyẹ mẹ́ta ti bó. Kò sí olórí mọ́ tó lè kan ẹnikẹ́ni lórí. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ṣá a nídìí títí ìfun rẹ̀ fi yọ, ó kú kí oòrùn tó gun òkè. Mùínàt so kábéèjì rọ̀, ó fi oògùn kun ọgbẹ́, ó gbàdúrà. Kò yé e. Ó ti pa ọ̀daràn, ọ̀ràn kò sì tán.

Awò rẹ̀ dé ní ọjọ́ Tuesday. Ó fi sójú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Subhanallahi, èmi ni mo ti gbó báyìí?" Láwàl rẹ́rìn-ín. Ó wo ìlà ara ìkòkò, ó wo ìlà iwájú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé, ó jókòó, ó ń mú àwọn adìyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo ara wọn. Ìyẹ́ gbogbo wọn ti já níbì kan. Ó kan Pupa, ìyẹ́ rẹ̀ pé pérépéré. Mùínàt gbé e sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

Ẹnu adìyẹ náà kò rí bí ẹnu adìyẹ. Ti òkè kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Iwájú rẹ̀ tẹ́, ó dúdú níbi tí iná ti kàn án, ṣóńṣó tuntun kan sì ti ń hù jáde láti ibi tó tẹ́ náà, ó mú bí abẹ́rẹ́.

Mùínàt dè é lẹ́sẹ̀, ó gbé e lọ bá Dókítà Adédìran lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ṣé bí wọ́n ṣe bí i nìyí?"

"Rárá, mà. Ọ̀bẹ ni. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi sínú iná. Ó máa tó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Wọ́n máa ń ṣe é ní oko ńlá, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe. Ṣùgbọ́n adìyẹ ìbílẹ̀ lèyí, inú ilé ló gbé dàgbà." Ó wo ojú ìyá náà. "Ẹni tó gé e ti rí ohun tó ń fi ẹnu yẹn ṣe, mà."

Ìgbà tó délé tó sọ fún Láwàl, ọkùnrin náà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

"Dogarawa ló ń gbé," ni Mùínàt wí. "Mo sì máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un."

Ó kó adìyẹ náà sínú agbọ̀n tí Hàwáù fi gbé e wá, agbọ̀n yẹn gan-an, ó sì dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Hàwáù wà ní àgbàlá, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó gbójú sókè, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ìkejì mi! Awò yìí yẹ ọ́ o."

"Ó yẹ mí. Ó sì ń ríran."

Mùínàt wo àgbàlá náà yíká. Adìyẹ mẹ́fà ló ń jẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ara wọn jọ̀lọ̀, wọ́n ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Kò sí funfun kan láàrin wọn. Ó wo inú ilé adìyẹ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ohun tó ń sàba níbẹ̀.

"Àwọn funfun mi dà?"

"Wọ́n ti jẹ̀ lọ sí..."

"Hàwáù."

Láti ọgbọ̀n ọdún, kò pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Hàwáù gbé àtẹ sílẹ̀. Mùínàt yọ adìyẹ pupa jáde, ó di orí rẹ̀ mú, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rokùn, ara kò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe wà níbẹ̀.

"Ta ló gé e?"

"Umar ọmọ mi ni. Èmi ni mo ní kó gé e."

"Kí ló ṣe tí ẹ fi gé e?"

Hàwáù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó tún nù ún. "Ó pa wọ́n. Àwọn méjèèjì. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ síra wọn. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ fún ọ. O ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ ni."

"O wá gbé e wá fún èyí tó kù."

"Mo rò pé ọwọ́ rẹ dára sí adìyẹ ju tèmi lọ. Mi ò lè tà á, ẹni tó bá rà á á gbé e padà wá bú mi. Mi ò lè jẹ ẹ́, ọ̀fun mi ò gbà á. Mo ní tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ..."

"Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò ní lè dá a padà. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Hàwáù kò sọ pé òun kò mọ̀.

"Mo pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní mo fẹ́ pa funfun. Mo bi ọ́ bóyá méjì wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìdáhùn rẹ ni mo gbọ́ kí n tó ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ."

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Ìkejì. Wallahi, ó ti dé ẹnu mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ ló jáde."

"O jẹ nínú ẹran rẹ̀."

"Mo jẹ ẹ́," ni Hàwáù wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́, Mùínàt ti rò pé òun máa pariwo, pé gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ìbínú náà kò wá. Ohun tó wá rẹ̀ ẹ́ lára. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dà á. Ẹni tí wọ́n jọ kọ́ èdè ìlú onílùú ti dà á, kò sì sí bí a ṣe lè pe orúkọ rẹ̀ kó rọlẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan kan ló ń gún un jù, ó sì béèrè rẹ̀.

"Ojú mi wà ní dídì lọ́jọ́ tí o gbé e wá. Ṣé o dúró de ọjọ́ yẹn ni, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?"

Hàwáù ń wo ẹ̀wà inú àtẹ. Mùínàt dúró, ó dúró dáadáa, bí ẹni tó ṣì ní ìrètí. Hàwáù kò dáhùn.

Mùínàt dá adìyẹ padà sínú agbọ̀n, ó bò ó.

"Fi í sílẹ̀ fún mi," ni Hàwáù ń bẹ̀ ẹ́. "Fi í sílẹ̀, màá pa á nísinsìnyí, lójú rẹ."

"O kò rí i pa nígbà tó pa tèmi." Mùínàt gbé agbọ̀n rẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Ìyá Umar."

Bó ṣe ń kí i bí àlejò yẹn ló mú kí Hàwáù bú sẹ́kún. Mùínàt gbọ́ ẹkún náà títí tó fi wọ kẹ̀kẹ́. Ó gbé agbọ̀n lé itan, adìyẹ náà sì gbóná lórí itan rẹ̀ títí dé Danmagaji.

Láwàl ti ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé. Ó ti pọ́n ọ̀bẹ, ó ti bu omi sínú kẹ́tùlù.

"Gbé e wá," ló wí.

"Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, Alhájì. Kò tíì sàba."

Láwàl wò ó títí. "Èyí yìí náà?"

"Adìyẹ ìyá mi ti tán," ni Mùínàt wí. Ìgbà yìí ni ohùn rẹ̀ tó já. "Òfin rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ìyẹn náà."

Láwàl fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó lọ wá wáyà àti pákó, ó kan àgò kékeré kan mọ́ ara ògiri, lọ́nà jíjìn sí àwọn yòókù. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló tó parí rẹ̀. Mùínàt gbé adìyẹ pupa sínú rẹ̀, ó da dúsà sílẹ̀ fún un, ó bu omi. Ó fi àpótí sítòsí, ó jókòó. Adìyẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, ẹnu rẹ̀ tí wọ́n gé ń lọ, ó ń bọ̀, Mùínàt sì ń rí i kedere.